Ìwé Tí Màmá Ọláníyì Fọwọ́ Sí

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa jókòó sí ìta díẹ̀. Èmi àti Màmá nìkan la fẹ́ jọ sọ̀rọ̀."

Ìbùkún Ọláníyì kò dìde. Ó wo Lọ́yà Waliyat bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tó sọ dáadáa. Ìyá rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, arúgbó ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin tó wọ bùbá funfun, tó fi ọwọ́ méjèèjì di báàgì rẹ̀ mú lórí itan. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ríran mọ́ ju òjìji ènìyàn lọ.

"Lọ́yà, èmi ni mo gbé Màmá wá," ni Ìbùkún wí. "Ìwé ìhágún náà nìyí, mo ti ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣáà jẹ́ kí Màmá tẹ̀ka síbẹ̀, kí ẹ lu òǹtẹ̀ yín, ká máa lọ."

"Mo gbọ́ sà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ogún la máa ń bá sọ̀rọ̀ níbí, òun nìkan."

"Ẹ rántí ohun tí mo sọ fún yín lórí fóònù. Ilé-iṣẹ́ wa ń wá lọ́yà tí yóò máa bá wa ṣe gbogbo iṣẹ́ wa."

Waliyat rántí. Láti ọjọ́ tó ti gbọ́ ọ ló ti ń ro bí òun yóò ṣe kúrò nínú yàrá kan ṣoṣo yìí ní àdúgbò Tákíè, lókè àwọn tó ń ta fóònù, tí ariwo ẹ̀rọ orin wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ ṣeun sà," ó wí, ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí Waliyat sí, ní ẹ̀yìn ọjà Akẹ̀sán. Ògbufọ̀ kóòtù ni Abdulqoyum bàbá rẹ̀, fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò, kí ó sọ ọ́ fún adájọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sì tún dá èsì padà fún wọn. Nígbà tí Iléyá kan ku ọ̀sẹ̀ kan, ọlọ́rọ̀ kan tí ẹjọ́ rẹ̀ wà ní kóòtù fa àgbò ńlá kan wá sílé wọn. Ọ̀rọ̀ kan péré ló fẹ́ kí Abdulqoyum bá òun dẹ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Abdulqoyum tú àgbò náà fúnra rẹ̀, ó fà á la àárín ìlú kọjá lọ́sàn-án gangan, ó ń kí àwọn ènìyàn bó ti ń lọ, ó sì dá a padà fún olówó rẹ̀. Waliyat, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ń sáré tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Kò tíì sí ọjọ́ kan tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ pé ọmọ bàbá yìí ni òun.

Nígbà tó di lọ́yà, ó ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́fà ní Ìbàdàn kí ó tó dá dúró. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sídìí ọ̀rọ̀ ìṣèlú àti epo bẹntiróòlù. Òun mú ìwé ìhágún. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ òkú ló yàn. Èrò tirẹ̀ ni pé ọjọ́ tí a bá máa ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ní sí níbẹ̀ mọ́ láti wí pé, "Ohun tí mo sọ kọ́ nìyẹn."

Ó ti ilẹ̀kùn, ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ ìyá náà.

"Kí lorúkọ rẹ, ọmọ mi?"

"Waliyat Ọládépò, mà."

"Ohùn rẹ dún bíi ti ọmọ Ọ̀yọ́."

"Ọ̀yọ́ ni mo ti wá, mà."

"Tíṣà ni mí. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ níwèé. Nísinsìnyí, ẹlòmíì ló ń ka Bíbélì fún mi." Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń wá àánú.

"Ẹ ti gbọ́ ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n gbé wá yìí, mà?"

"Ìbùkún ní bí mo ṣe wí náà ló wà. Pé ilé yẹn di ti òun àti Adérónkẹ́, àbúrò rẹ̀."

Waliyat mú ìwé náà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì ń yí i sí Yorùbá ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan: "Èmi, Victoria Ọláníyì, fi ilé mi, ilẹ̀ rẹ̀ àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, fún ọmọkùnrin mi Ìbùkún nìkan. Ọmọbìnrin mi Adérónkẹ́ ti wà nílé ọkọ, kò sì ní ìpín kankan níbẹ̀."

Ìyá náà gbé ọwọ́ sókè. "Tún ti ìkẹyìn yẹn kà."

Waliyat tún un kà. Màmá mú áńkáṣíìfù jáde nínú báàgì rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi nu ohunkóhun.

"Gbogbo Sátidé ni Adérónkẹ́ ń ti Ọ̀yọ́ wá fọ irun mi," ó wí. "Ìbùkún náà kì í ṣe ọmọ burúkú. Òun ló ń gbé mi lọ ọsibítù. Ṣùgbọ́n mi ò sọ ohun tó wà níbẹ̀ yẹn."

"Kí lẹ fẹ́ kí n kọ, mà?"

Ìyá náà nàró lórí àga. Ohùn rẹ̀ yí padà, ó di ohùn ẹni tó dúró níwájú kíláàsì. "Kọ ọ́ pé: ilé mi jẹ́ ti Ìbùkún àti Adérónkẹ́, kóńmà, ní dọ́gba-n-dọ́gba, fúlísitọ́ọ̀pù. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ tà á tàbí wó o nínú wọn, kóńmà, àfi tí èkejì bá gbà. Ṣé o ti kọ ọ́ tán?"

"Mo ti kọ ọ́ tán, mà."

"Ó dáa. Pe Ìbùkún wọlé."

Ìbùkún wọlé, ó rí ojú ìyá rẹ̀, ó sì mọ̀ pé wọ́n ti ka ìwé náà fún un.

"Ìbùkún, ohun tí mo sọ kọ́ ló wà nínú ìwé tí o gbé wá yìí."

Ó yíjú sí Waliyat. Ọ̀wọ̀ ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Kí lo sọ fún ìyá mi?"

"Ìwé yín ni mo kà fún wọn, sà. Mi ò fi nǹkan kan kún un, mi ò sì yọ nǹkan kan níbẹ̀."

"O mọ̀ pé iṣẹ́ tí mo sọ yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ?"

"Mo mọ̀ sà." Ó fi ọwọ́ méjèèjì dá ìwé náà padà fún un.

"Má pariwo mọ́ ọn," ni Màmá wí. "Mi ò bá ọ jà. Gbé mi lọ sílé. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa padà wá fọwọ́ sí tèmi. Tí o kò bá ráyè, màá wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá."

Waliyat kò sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni. Irọ́ ni tí a bá ní kò dùn ún: nínú ọkàn rẹ̀, ó ti to ìwé rẹ̀ sí ọ́fíìsì tuntun yẹn. Síbẹ̀, nígbà tó jókòó tó ń tẹ ọ̀rọ̀ ìyá náà, Yorùbá lápá kan, Gẹ̀ẹ́sì lápá kejì, orí rẹ̀ wú.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹnì kan ń ka ìgbésẹ̀ fún ẹlòmíì: "Ó ku mẹ́ta, Màmá. Ó ku méjì." Ìbùkún ni, ó di ìgúnpá ìyá rẹ̀ mú.

"Ẹ káàárọ̀, Lọ́yà," ó wí, kò gbójú sókè púpọ̀. "Mo gbé Màmá wá." Ó fi ìyá náà jókòó. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni sọ fún un kí ó jáde. "Mo wà níta."

Safurat tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì náà àti Ọ̀gbẹ́ni Mátíù, apòògùn tó wà ní ilé kejì, ló ṣe ẹlẹ́rìí. Waliyat ka gbogbo rẹ̀ sókè. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Màmá dá a dúró.

"'Dọ́gba-n-dọ́gba' ni mo wí. 'Bákan náà' kọ́."

"Ẹ má bínú, mà." Safurat tún ojú ìwé yẹn tẹ̀, Waliyat sì tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá náà mi orí pé ó tọ́. Waliyat wá ṣí páàdì yíǹkì, ó rọra mú àtàǹpàkò rẹ̀.

Màmá fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Ta ló fẹ́ tẹ̀ka? Èmi? Fún mi ní bírò."

Waliyat gbé rúlà sí abẹ́ ìlà náà, ó fi bírò sí Màmá lọ́wọ́, ó sì fi orí bírò náà kan etí rúlà. Ìyá náà kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. V. A. Ọlaniyi. Ìparí rẹ̀ gòkè díẹ̀. Ó gbé bírò kúrò, ó fi ìka òsì wá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì padà fi àmì sí orí a àti orí àwọn i méjèèjì.

"Ṣé ó ṣeé kà?"

"Ó ṣeé kà dáadáa, mà," ni Waliyat dáhùn.

"Ó dáa." Ó dé bírò náà, ó sì nà án sí i. "Bá mi pe Ìbùkún, kó wá mú mi sọ̀kalẹ̀."