Ohun tí Nengi Fi Sínú Omi Dàbínù

Ẹ̀yin olùkà mi ọ̀wọ́n, mo kí yín lórúkọ Olúwa. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tí kò jẹ́ kí òtútù òjò ọdún yìí gbé wa lọ. Ẹ jókòó tì mí, kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyàwó kan ní Port Harcourt.

Nengi ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Kalabari ni. Adéyẹmí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lójú òkun. Èbúté Onne ni wọ́n ti máa ń gbé wọn lọ, kò sì ní dé títí di ìparí oṣù. Ìyá ọkọ rẹ̀ wá kí wọn láti Òṣogbo, àmọ́ òjò pa á lọ́jọ́ tó dé, ikọ́ sì mú un. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kò lè jẹun. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin ó ní bí ara òun kò bá yá, òun á wọ mọ́tò padà sílé lọ́la.

Ara Nengi kò balẹ̀ mọ́. Bí ìyá bá lọ bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹbí ni yóò sọ pé kò lè tọ́jú ìyá wọn.

Ó béèrè ohun tí ìyá lè mu. Ìyá dáhùn láti abẹ́ aṣọ ìbora pé kó se dàbínù gbígbẹ, kó fi atalẹ̀ àti kànáfùrù sí i. Ó wúkọ́, ó wá fi ohùn tó ti há sọ pé, "Má gbàgbé ẹ̀ẹ̀rù. Díẹ̀ báyìí ni o."

Eérú ni Nengi gbọ́, ó sì mọ eérú. Inú Bíbélì Yorùbá tó fi ń kọ́ èdè ọkọ rẹ̀ ló ti rí i: aṣọ ọ̀fọ̀ àti eérú. Ó yà á lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé ọkọ òun nìyẹn. Ó gbé dàbínù kaná. Ó jókòó, ó dìde, ó ṣí ìkòkò, ó tún dé e. Gáàsì ni gbogbo ará ọgbà wọn fi ń dáná. Níbo ni yóò ti rí eérú? Ó pa iná, ó sáré lọ sí oríta Rumuokwuta, sọ́dọ̀ Ibiere tó ń sun bọ̀lì. Ibiere bi í bóyá ìkòkò ló fẹ́ fọ̀. Nengi ní rárá, ìyá ọkọ òun ló fẹ́ mu ún.

"You wan kill person mama?" ni Ibiere wí, ṣùgbọ́n ó bù ú sínú ọ̀rá fún un.

Nengi fi asẹ́ jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó bu ṣíbí kan sí i. Omi tó ti pupa dáadáa di àwọ̀ ẹrẹ̀. Ó gbàdúrà lé e lórí, ó gbé e wọlé, ó kúnlẹ̀.

Ìyá gbé kọ́ọ̀bù sẹ́nu, ó tún gbé e kúrò. Ó béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Eérú ni, Mà. Ẹ ní kí n fi díẹ̀ sí i."

Ìyá gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó ń wò ó. Nengi wá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, bó ṣe rí ọ̀rọ̀ náà nínú Bíbélì àti bó ṣe sáré dé oríta.

"Aṣọ ọ̀fọ̀ ńkọ́?" ni ìyá wí. "O ò sè é mọ́ ọn?"

Ẹ̀rín pa ìyá, ikọ́ mú un, ẹ̀rín tún pa á. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí ibùsùn, ó di Nengi léjìká mú, wọ́n jọ wọ ilé ìdáná. Ó ṣí agolo kan tẹ̀lé òmíràn, títí ó fi mú èso gbígbẹ kan jáde, dúdú, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka.

"Òun nìyí."

"Mà, uda ni àwa ń pe ìyẹn. Ohun tí a fi ń se ọbẹ̀ ata ni."

Wọ́n gbé omi mìíràn kaná. Ìyá ní kó máa pe ẹ̀ẹ̀rù, ó sì ń pè é títí ó fi mọ́ ọn lẹ́nu. Ìyá mu kọ́ọ̀bù méjì ní gbígbóná, òógùn bò ó, ó sì béèrè oúnjẹ. Síbẹ̀, ọkàn Nengi kò tíì balẹ̀. Ó rọra béèrè aago tí àwọn yóò lọ wọ mọ́tò lọ́la.

"Mọ́tò wo?" ni ìyá dáhùn. "Ọkọ rẹ kò tíì dé, èmi àti ìwọ ò sì tíì parí ẹ̀kọ́ wa."

Ìwọ tó ka èyí, nínú ilé yòówù tí o bá wọ̀, Olúwa yóò fi ẹni tí yóò ní sùúrù fún ọ síbẹ̀. Ohun mímu rẹ kò ní korò, ọkàn rẹ yóò sì balẹ̀. Àmín.