Igbe Ọ̀bọ, Igbe Ẹyẹ

Ọdún mẹ́fà ni mo fi tẹ́tí sí igbe ẹ̀dá méjì tí kò mọ ara wọn rí: ọ̀bọ onímú-funfun inú igbó Gashaka nílẹ̀ wa, àti ẹyẹ kékeré olórí-dúdú tí ń kọrin lórí igi ẹ̀yìnkùlé mi ní Park Forest lókè òkun. Bí ewu bá dé, ọ̀bọ a so oríṣi igbe méjì pọ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ a sì ṣí kúrò níbẹ̀. Ẹyẹ ní tirẹ̀ a máa fi ohùn kún ìparí igbe rẹ̀, bí ewu náà bá ṣe le tó. Inú ìwé aláwọ̀ ewé kan ni mo fi ọwọ́ kọ gbogbo rẹ̀ sí.

Salihat ni mo yá ní ìwé náà. Yunifásítì kan náà la ti ń ṣiṣẹ́, òun nìkan ló sì máa ń kúnlẹ̀ kí mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lójú gbogbo èrò, títí n ó fi ní kó dìde. Loretta, ọ̀gá ẹ̀ka wa, bi mí pé, "Ṣé ó fọwọ́ síwèé kankan?" Mo rẹ́rìn-ín. "Àbúrò mi ni."

Lóṣù tó kọjá, níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ ẹranko ní Skokie, Salihat gun orí pèpéle pẹ̀lú ìwé mi lọ́wọ́. Orúkọ kan ṣoṣo ló hàn lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀: tirẹ̀. Iwájú ni mo jókòó sí. Mo ń gbọ́ gbólóhùn mi láti ẹnu rẹ̀, títí dórí àwàdà tí mo kọ sí etí ìwé.

Loretta nawọ́. "Báwo lo ṣe mọ̀ pé idì ni ọ̀bọ náà rí, pé kì í ṣe ẹkùn?"

Salihat ṣí ìwé síwá sẹ́yìn. Ó wò mí. Gbogbo gbọ̀ngàn ló gbọ́ ohun tó fi èdè wa sọ, èmi nìkan ló yé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ojú tì mí."

Igbe ọ̀bọ ni. Ẹbí nìkan ló wà fún.

Mo dìde, mo sì fi èdè tí gbogbo wọn gbọ́ dá a lóhùn. "Ojú ìwé kọkànlélógójì. Ka déètì tó wà lókè, kó o sì ka orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i nísàlẹ̀."

Ó kà á. Orúkọ mi, Tàwàkálítù, ló kà kẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìpàdé, ó kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. "Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ èṣù ni."

"Ṣé èṣù ló pa orúkọ mi rẹ́?"

Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. N kò ní kó dìde.