Èmi Ni Mo Ṣì Í Gé

Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe awò ojú yìí, kò sẹ́ni tó fọ́ nǹkan rí. Dígí ló máa ń fọ́ fúnra rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á ní ó bàjẹ́. Bí ìwé oníbàárà bá di àwátì, wọ́n á ní ó sọnù. Màmá Dákẹ́ náà ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún méjìlá tó ti wà nídìí ẹ̀rọ tó fi ń gé dígí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Dákẹ́, torí pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lójúmọ́ kì í kún ṣíbí.

Ìgbà tí ọ̀gá tuntun dé ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ nǹkan mìíràn. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, kò tó àkọ́bí Màmá Dákẹ́ lọ́jọ́ orí. Kò tíì lo oṣù kan tó fi kọ̀wé béèrè fún férémù tí kì í ṣe èyí tí wọ́n nílò, páálí ogún. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹrù náà dé, ó dúró níwájú gbogbo wọn, ó ní, "Èmi ni mo ṣì í kọ. Ẹ má bínú." Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, òun nìkan ló ń di páálí náà padà, tó ń gbé e jáde.

Ẹlẹ́nu, ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ní kí ẹnì kan yáa fọwọ́ kan iwájú orí ọ̀gá wò, bóyá ibà ló ń ṣe é. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Màmá Dákẹ́ náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọmọbìnrin náà tó ń dá jẹ búrẹ́dì nínú yàrá rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Màmá Dákẹ́ mú ìwé oníbàárà kan, màmá àgbà kan tó ń kóṣẹ́ sára aṣọ, ó fẹ́ gé dígí tirẹ̀. Ó rí i pé òun ti fi àmì sí i lánàá pé òun ti gé e. Ó tú ìwé náà wò. Ìwé méjì ló lẹ̀ mọ́ra: nọ́ńbà ojú màmá àgbà yìí ló fi gé dígí awakọ̀ kan tó ń kó àwọn ọmọ ilé ìwé. Awò náà sì ti dé ọwọ́ awakọ̀ náà.

Nígbà ọ̀gá àtijọ́, ẹni tí wọ́n bá ká irú rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, wọ́n á mú un kúrò nídìí ẹ̀rọ, ìgbálẹ̀ ni wọ́n ń gbé fún un. Màmá Dákẹ́ délé, ó jókòó sórí ibùsùn láìbọ́ bàtà. Ó pe ọmọ rẹ̀ tó wà lókèèrè lórí fóònù, ó ròyìn fún un. Ọmọ náà ní ọdún kan péré ló kù kí màmá òun fẹ̀yìn tì, ta ló sì rí wọn? "Ẹ ṣáà dákẹ́, Màmá." Ọmọ náà tún ní ẹnì kan ń pe òun, òun á pè padà. Kò pè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó wọ aṣọ iṣẹ́, ó kan ilẹ̀kùn ọ̀gá. Ó ti dá a sọ lójú ọ̀nà títí, síbẹ̀ "dígí awakọ̀ yẹn, ó..." ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó tún un sọ.

"Èmi ni mo ṣì í gé, ọ̀gá."

Ọ̀gá kò béèrè ìdí. Ó pe awakọ̀ náà lórí fóònù. Ọkùnrin náà ní orí ti ń fọ́ òun láti àná, òun rò pé awò tuntun ni kò tíì mọ́ òun lára. Ọ̀gá ní kó bọ́ ọ, kó má wakọ̀. Kí aago mẹ́wàá tó lù, Màmá Dákẹ́ ti gé òmíràn.

"Màmá, mo ní láti kọ ọ́ sínú fáìlì yín," ni ọ̀gá wí. "Mo kọ tèmi náà. Ẹ ò ní kúrò nídìí ẹ̀rọ yín."

Màmá Dákẹ́ buwọ́ lù ú.

Títí ọ̀sẹ̀ náà fi parí, kò sẹ́ni tó jókòó tì í nígbà oúnjẹ. Wọn kò bá a jà. Wọ́n á kí i dáadáa, wọ́n á sì gbé abọ́ wọn lọ sí ìdí ògiri kejì. Ó gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé ó ti kó bá àwọn.

Lọ́jọ́ Ajé, bó ṣe fẹ́ ṣí abọ́ rẹ̀, Ẹlẹ́nu wá dúró tì í. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Ó la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀: irin kékeré kan láti inú ẹ̀rọ, ó ti kán sí méjì.

"Màmá, báwo lẹ ṣe sọ ọ́?"

Màmá Dákẹ́ wo irin náà. "Sọ ọ́ kí o tó jẹun. Tí o bá jẹun tán, kò ní jáde mọ́."

Ẹlẹ́nu pa ọwọ́ dé, ó gba ọ̀nà yàrá ọ̀gá lọ. Màmá Dákẹ́ sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó fi àyè sílẹ̀, ó dúró dè é. Nígbà tí Ẹlẹ́nu jáde, irin náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, àmọ́ ìdí ògiri kejì ló lọ, lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Màmá Dákẹ́ ṣí abọ́ tirẹ̀.