Òrùka Idẹ Lọ́rùn Ọfà

Kí n tó gbá orí tábìlì iṣẹ́ mi, mo máa ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ra ojú rẹ̀ ná. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni mí. Eruku wúrà kì í ṣe ohun tí mo ń dà nù, mi ò sì ń jẹ́ kí nǹkan mìíràn dà pọ̀ mọ́ ọn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, mágínẹ́ẹ̀tì gbé eruku irin jáde. N kì í fá irin ní ṣọ́ọ̀bù mi. Yàtọ̀ sí èmi, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀.

Inú bí mi. Mo kó eruku náà sínú bébà, mo gbé e lọ bá ọkọ mi ní ẹ̀yìnkùlé.

Ó jókòó sórí àpótí, ọfà méje wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Atamátàsé ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti ń fi ọrun ṣọdẹ. Ṣùgbọ́n níbẹ̀rẹ̀ ọdún, dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún un léjìká, ó sì ní kò gbọ́dọ̀ fa ọrun ńlá mọ́. Ọrun kékeré kan tó rọ̀ ló kù tó lè fà. Láti ìgbà náà, òsì ni àwọn ọfà rẹ̀ sábà ń yà sí. Aṣọ́gbó sì ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá dán an wò lọ́jọ́ Sátidé: ọfà mẹ́ta, láti ogún ìṣísẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ wọ inú àmì róbótó. Bí ọ̀kan bá tàsé, kò sí ìwé àṣẹ ọdẹ mọ́.

Ìwé kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọkọ mi ti dákẹ́. Tẹ́lẹ̀, bó bá ti igbó dé, kò ní tíì bọ́ bàtà tí á ti máa rò fún mi: ibi tí afẹ́fẹ́ gbà wá, bí àgbọ̀nrín ṣe na etí, bí òun ṣe mú èémí dúró. Nígbà míì, oorun á ti máa kùn mí, màá ṣáà ní, "Ẹ̀n, lẹ́yìn náà ńkọ́?" Ní báyìí, "Oúnjẹ yìí dáa" àti "Ó dàárọ̀" ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù láàárín wa. Àárò ẹnu rẹ̀ ń sọ mí.

Mo tú bébà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Baba, ẹ̀yin lẹ fi irinṣẹ́ mi fá irin?"

Kò gbójú sókè. "Orí ọfà ni. Ọrun ti fúyẹ́, orí ọfà náà gbọ́dọ̀ fúyẹ́."

"Ṣé ó wá ń bọ́ sójú àmì?"

Ó fi ẹsẹ̀ ti ọfà kan sẹ́yìn. "Òsì ló tún ń lọ sí i."

Bí ìbínú mi ṣe tán nìyẹn. Mo ní kó ta wọ́n kí n rí i. Mẹ́fà lọ há sára pákó tó ya àmì sí, lápá òsì. Ìkeje wọ àárín àmì gẹ́ẹ́.

"Oríire lásán ni," ó wí.

Mo lọ fa ìkeje yọ, mo sì rí iṣẹ́ ọwọ́ mi lára rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀pá rẹ̀ là lẹ́nu, èmi ni mo fi òrùka idẹ dè é lọ́rùn. Mo ní kó tún un ta. Ó ta á lẹ́ẹ̀mẹta, kò tàsé rárá.

"Èyí ńkọ́? Ẹ ò fá a ni?"

"Idẹ rẹ ló wà lára rẹ̀. Ta ló fẹ́ fá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ?"

Mo yọ orí ọfà méjèèje, mo sì kó wọn lọ sórí òṣùwọ̀n wúrà. Orí ọfà mẹ́fà yòókù kò ju gíráàmù mẹ́fà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tòun ti òrùka, ti ìkeje jẹ́ mẹ́tàlá.

Ọkọ mi wo òṣùwọ̀n títí. Ó mú ọ̀pá ọfà kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. "Ọrun ńlá ni mo gé àwọn ọ̀pá yìí fún," ó rọra wí. "Wọ́n le jù fún ti kékeré. Wọn ò lè tẹ̀ kí wọ́n fi yí igi ọrun kọjá, ni wọ́n ṣe ń yà. Orí tó wúwo ló máa mú kí wọ́n tẹ̀. Mo sì jókòó síbí, mò ń fá wọn."

"Pẹ̀lú irinṣẹ́ mi," ni mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ̀yìn.

A ṣe òrùka títí di Ọjọ́bọ̀. Gíráàmù mẹ́wàá ṣì ń yà sósì. Mẹ́rìndínlógún ń já bọ́ sísàlẹ̀ àmì. A padà sórí mẹ́tàlá.

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi ni mo ń na ọfà sí i. Èkíní wọlé, èkejì wọlé. Ó fa ẹ̀kẹta, ó sì dúró pẹ́ débi pé èjìká tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Ó ta á. Ó wọlé.

Aṣọ́gbó fọwọ́ kan òrùka. "Kí lèyí?"

"Ìyàwó mi ló ṣe é," ọkọ mi dáhùn, ni ọkùnrin náà bá lu òǹtẹ̀ sí ìwé.

Nídìí oúnjẹ ọ̀sán, Atamátàsé ti àwo sẹ́yìn. "Ṣó o mọ̀ pé afẹ́fẹ́ kan dìde nígbà tí mo fa ẹ̀kẹta? Mo wá rò ó pé…" Ó rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀: bí afẹ́fẹ́ ṣe fẹ́, bí òun ṣe mú èémí dúró, bí òun ṣe mọ̀ láti ọjọ́ yìí wá pé orí ọfà gbọ́dọ̀ wúwo sí i. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo dúró sí láàárọ̀ yẹn, koríko kan ò mì. Mi ò já a ní koro. Mo gbé àga mi sún mọ́ tirẹ̀.

"Ẹ̀n," ni mo wí, "lẹ́yìn náà ńkọ́?"