Ìyá Amparo Fẹ́ Rí Wa

"Ẹ bá mi wo gèlè yìí, ṣé kò ti ga jù?"

Rẹ̀mílẹ́kún ló dúró níwájú dígí ní pálọ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì di gèlè mú lórí. Ọkọ rẹ̀, Ọlátẹ́jú, ti jókòó sórí àga gígùn, ó kọjú sí kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé ka orí tábìlì, ó sì fajú ro bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé sí ilé wọn ní Stockbridge, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni kò ti bọ́ agbádá.

"Ta lò ń tìtorí ẹ̀ wé gèlè?" ó bi í. "Ṣebí a ti ní a ò gbà."

"Pé a ò gbà kò ní kí wọ́n rí wa bí ẹni tí kò nílé, Daddy Fẹ́misí. Wọn ò mọ̀ wá rí. Ohun tí ojú wọn bá kọ́kọ́ rí ni wọ́n máa fi mọ̀ wá."

Láti Ọjọ́rú ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Olúwafẹ́misí, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti wà ní ìlú Valencia lórílẹ̀-èdè Spain láti oṣù Kẹsàn-án, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún kan péré ni iṣẹ́ náà. Yàrá kan ló gbà lọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tó ń dá gbé, Amparo lorúkọ rẹ̀. Oṣù Kẹfà ló yẹ kó padà. Rẹ̀mílẹ́kún ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó ti pààrọ̀ kọ́tìnnì yàrá ọmọ, ó sì ti tẹ́ aṣọ tuntun sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Àfi bí Fẹ́misí ṣe tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù: "Mummy, Señora Amparo fẹ́ rí ẹ̀yin àti Daddy lórí video on Sunday. Ó ní it's very important. Please, ẹ má sọ pé ẹ ní shift."

Ẹ gbọ́ ná. Kí àgbàlagbà tí a kò mọ̀ rí ránṣẹ́ pé òun fẹ́ rí bàbá àti ìyá ọmọge tí kò tíì lọ́kọ, ọmọ Yorùbá wo ni kò ní mọ ohun tó wà nídìí ẹ̀? Ojú ẹsẹ̀ ni Rẹ̀mílẹ́kún padà sídìí gbogbo fọ́tò tí ọmọ ti ń fi ránṣẹ́. Ó ti rí ọ̀pọ̀ wọn tẹ́lẹ̀: aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn láàárín ilé méjì, igi ọsàn lójú títì tí ẹnikẹ́ni kì í ká, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tì lọ́sàn-án gangan kí ẹni tó ni ín lè lọ jẹun, páànù ńlá pẹrẹsẹ tí wọ́n fi se ìrẹsì ọjọ́ Àìkú pẹ̀lú ẹran ehoro, ìrẹsì tí kò fojú kan ata. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀kan, ọmọkùnrin gíga kan tó dá irùngbọ̀n sí dúró láàárín ìyá arúgbó yìí àti Fẹ́misí, ó gbọ́wọ́ lé èjìká àwọn méjèèjì, ó ń rẹ́rìn-ín. "Iván, ọmọ ọmọ wọn," ni Fẹ́misí kọ sábẹ́ rẹ̀.

Rẹ̀mílẹ́kún gbé fóònù fún ọkọ rẹ̀. Ọlátẹ́jú wò ó títí, ó ní irùngbọ̀n náà kò tilẹ̀ gún régé.

Bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ sí Akíntóyè nìyẹn. Àbúrò Ọlátẹ́jú ni, Tucker ló ń gbé, òun sì ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì máa ń bẹ̀ láti gbẹnu sọ fún ìdílé níbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Wọ́n ní kó wá fi ọ̀rọ̀ dídùn bá àwọn kọ̀. Rẹ̀mílẹ́kún náà sì bẹ Joanna, nọ́ọ̀sì ọmọ Colombia tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Morrow, pé kó wá ṣe ògbufọ̀. Kò fẹ́ kí Fẹ́misí ṣe é. Ta ní í fi ọmọ tí wọ́n wá tọrọ ṣe ògbufọ̀ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀," Akíntóyè wí, ó ń tún fìlà ṣe. "Màá yìn wọ́n, màá yìn wọ́n, màá wá ní ọmọ ṣì ń kàwé. Wọn ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé a lé wọn."

Joanna, tí kò gbọ́ ẹyọ kan nínú Yorùbá, rọra ń jẹ chin-chin tirẹ̀ lórí àga.

Kọ̀ǹpútà dún. Ojú Fẹ́misí yọ, ó ti sanra díẹ̀, oòrùn Spain sì ti mú ara rẹ̀ dán. Inú Rẹ̀mílẹ́kún dùn, ó sì bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ọwọ́ kò lè tó o.

"Good afternoon, Mummy. Daddy, ẹ kú ọ̀sán. Uncle Akin?" Ó wo gèlè, ó wo agbádá, ó wo fìlà. "Ẹ ń lọ sí wedding ni?"

"Àwa là ń bi ọ́," ni Ọlátẹ́jú fèsì.

Ìyá arúgbó kan wá jókòó ti Fẹ́misí. Ó kéré, irun rẹ̀ funfun, wọ́n fi kóòmù yà á dáadáa. Ó wọ aṣọ aláró tó ní bọ́tìnnì wúrà, ó sì fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn. Rẹ̀mílẹ́kún fi ìgúnpá tọ́ ọkọ rẹ̀. Ìyá yìí náà múra. Ọ̀rọ̀ náà ló dé yìí.

Akíntóyè wúkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí ìdílé ìyá náà láti orí dé ẹsẹ̀. Ìyá arúgbó gbọ́wọ́ sókè pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní kí wọ́n má bínú, òun lòun pè wọ́n, kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó sì sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ lẹ́nu ọ̀rọ̀ yẹn, ó ń na ìka sí ilẹ̀kùn, ó ń na ìka sí ilẹ̀, ó fọwọ́ kan orúnkún ara rẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni Fẹ́misí ń sorí kọ́.

Nígbà tí ìyá náà dákẹ́, Fẹ́misí yára túmọ̀ rẹ̀. "Ó ní ẹ ṣé. Ó ní mo ń ṣe dáadáa. That's all."

Joanna gbé chin-chin kalẹ̀. Ó ní ìyẹn kọ́ ni ohun tí ìyá yìí sọ. Gẹ̀ẹ́sì ló fi túmọ̀ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kí nǹkan kan má bàa bọ́ sílẹ̀.

Ó ní ìyá náà sọ pé ní gbogbo òwúrọ̀, kí Fẹ́misí tó lọ sí ilé-ìwé, á wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá òun, á gbé orúnkún méjèèjì sílẹ̀, á bi òun bí òun ṣe sùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun rò pé ó ṣubú ni, òun pariwo, òun fẹ́ gbé e dìde. Ọmọ ní rárá, bí wọ́n ṣe ń kí ìyá nílé àwọn nìyẹn. Òun ní kó yé ṣe bẹ́ẹ̀, kó máa pe òun ní Amparo bí gbogbo èèyàn ṣe ń pe òun, ọmọdé àti àgbà. Ọmọ ní ẹnu òun kò gbà á. Ó di Mamá Amparo. Nígbà tó yá, gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń gun àtẹ̀gùn ilé náà ń pe òun bẹ́ẹ̀, títí kan alápatà ìsàlẹ̀.

Rẹ̀mílẹ́kún tẹjú mọ́ ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ Rẹ̀mílẹ́kún nìkan lẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tí Fẹ́misí wà ní ọmọ ọdún méjìlá, ó dúró ṣánṣán níwájú ìyàwó alàgbà níta ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, "Mummy, nobody kneels in America." Láti ọjọ́ náà ni ìjà ti ń lọ. Ìyá bẹ̀, ìyá bú, ìyá fi oúnjẹ dẹ́rù bà á, ọmọ kò kúnlẹ̀. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ń sọ ọ́ lẹ́yìn pé nọ́ọ̀sì yìí mọ arúgbó ẹlẹ́ni tọ́jú, kò mọ ọmọ tirẹ̀ kọ́. Ó gbọ́. Ó sunkún nínú mọ́tò, kò sọ fún ẹnì kankan. Nígbà tó pẹ́, ó gbà pé Amẹ́ríkà ti gba ìyẹn lọ́wọ́ òun.

"Fẹ́misí, ṣé òótọ́ ni?"

"Mummy, leave it now."

"Mo bi ọ́ ni."

Fẹ́misí fọwọ́ pa ojú. Yorùbá rẹ̀ máa ń wọ́ nílẹ̀ tó bá ń tijú. "I don't know. Nígbà tí mo dé, everybody ń pè wọ́n ní orúkọ. Kódà small kids. Mi ò lè ṣe é. First morning yẹn, ẹsẹ̀ mi kàn lọ sílẹ̀. Bí ẹ ṣe máa ń ṣe fún Grandma, tí a bá lọ sí Iléṣà."

Gbogbo ọdún tí Rẹ̀mílẹ́kún fi ń pariwo, ọmọ kò gbọ́. Ohun tí ó ṣe láìpariwo ni ọmọ rí.

"Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde," Akíntóyè wí jẹ́jẹ́.

Ọlátẹ́jú kò tíì fi ọ̀rọ̀ irùngbọ̀n sílẹ̀. "Iván yẹn ńkọ́?"

"Iván? Daddy, Iván ti ní ìyàwó. Ìyàwó ẹ̀ ló ya picture yẹn." Fẹ́misí wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, gèlè, agbádá, fìlà, ó sì yé e. "Oh my God. Ẹ rò pé..."

Ó sọ ọ́ fún ìyá arúgbó. Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Akíntóyè ṣí fìlà, ó gbé e ka orúnkún. Ọ̀rọ̀ dídùn tó ti ń tò láti Tucker ti di òfò.

Ṣùgbọ́n ìyá náà kò tíì tán. Ó nu ojú, ó jókòó dáadáa, ohùn rẹ̀ wá sílẹ̀. Joanna náà wá síwájú lórí àga.

Ó ní ilé-ìwé fẹ́ kí Fẹ́misí lo ọdún kan sí i, òun náà sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ òun tó wà ní Madrid ti fẹ́ kó òun lọ sí ilé àwọn arúgbó, àfi ìgbà tí Fẹ́misí dé tí ọkàn wọn wá balẹ̀. Òun ti bi ọmọ léèrè bóyá yóò dúró. Ọmọ ní òun kò lè dáhùn, òun ní baba, òun ní ìyá, àwọn lòun gbọ́dọ̀ bi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Àwọn ọmọ ọmọ òun kì í bi ẹnì kankan. Ìdí rẹ̀ tí òun fi múra nìyí, láti wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

Ọlátẹ́jú wo ìyàwó rẹ̀. Ó mọ̀ pé àárò ọmọ yìí ń jẹ ẹ́ bí ebi. Láti ìgbà tí ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ló ti ń sọ ohun tí yóò sè lọ́jọ́ tí ọmọ bá dé.

Rẹ̀mílẹ́kún rántí bẹ́ẹ̀dì tí ó tẹ́, ó sì rántí Morrow, níbi tí àwọn arúgbó ti máa ń di ọwọ́ rẹ̀ mú láàárọ̀, nítorí pé òun nìkan ló bèèrè bí wọ́n ṣe sùn. Ó dùn ún. Ó fẹ́ ọmọ rẹ̀ nílé, kò purọ́. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ wú ju gèlè tó wé lọ.

Ó dìde, ó ti àga sẹ́yìn. Níwájú kọ̀ǹpútà, lórí kápẹ́ẹ̀tì, nọ́ọ̀sì àgbà Rẹ̀mílẹ́kún gbé orúnkún méjèèjì sílẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà," ó wí. "Ṣé ẹ sùn dáadáa lánàá?"

Ó tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì, Joanna sì túmọ̀ rẹ̀. Ìyá arúgbó fọwọ́ bo ẹnu.

"Fẹ́misí, ìwọ ni kí o sọ èyí tó kù, má sì fo ìkankan. Sọ pé màmá ẹ dúpẹ́. Sọ pé ọdún kan sí i, kí wọ́n bá wa tọ́jú ẹ bí o ṣe ń tọ́jú wọn. Kí o máa wálé lọ́dún Kérésì."

"Mummy. Ticket ńkọ́?"

"Daddy ẹ máa yí ọjọ́ rẹ̀ padà."

Ọlátẹ́jú la ẹnu. Ó wo obìnrin tó kúnlẹ̀ nílẹ̀ pálọ̀ rẹ̀, ó pa ẹnu dé. "Màá yí i," ó wí.

Fẹ́misí sọ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà kò sí lójú kọ̀ǹpútà mọ́, irun orí rẹ̀ nìkan ló ń yọ nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún ìyá arúgbó. Òun náà ti wà nílẹ̀.

Ọlátẹ́jú na ọwọ́ láti fa ìyàwó rẹ̀ dìde, nítorí ó mọ̀ pé orúnkún ń dùn ún lẹ́yìn iṣẹ́. Rẹ̀mílẹ́kún mi orí. Àgbà kò tíì dá a lóhùn.

Ìyá Amparo tẹ̀ síwájú títí ojú rẹ̀ fi kún kọ̀ǹpútà. Kò wo Joanna, kò wo Fẹ́misí. Ohun tí ó ti ń sọ lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ láràárọ̀ ló sọ, ní Yorùbá tó kọ́ lẹ́nu Fẹ́misí, ohùn rẹ̀ wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo pálọ̀ ló gbọ́ ọ.

"Dìde, ọmọ mi."

Rẹ̀mílẹ́kún dìde.