Ẹ̀yìn Káàdì Òkè-ń-rìn

"Ẹ dúró! Ẹ má gé e mọ́!"

Onítẹ̀wé fa ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ tó fi ń gé ìwé bí ẹni tí iná jó. Páálí kejì ti wà lábẹ́ abẹ ẹ̀rọ náà, díẹ̀ ló kù kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìyá Káàdì tó pariwo kò tiẹ̀ wojú ẹ̀. Káàdì kan ló mú dání lára mẹ́sàn-án tí wọ́n ti gé, ó ń yí i síwájú, ó ń yí i sẹ́yìn, àfi bí ẹni tó rò pé tí òun bá yí i tó, ọ̀rọ̀ tó wà lára ẹ̀ á tún ara ẹ̀ ṣe.

Òkè-ń-rìn, akọni inú ìwé aláwòrán kan, ló wà níwájú káàdì náà. Ẹni tó bá ti ka ìwé aláwòrán àwọn akọni yẹn rí, kò sí bí kò ṣe ní mọ Òkè-ń-rìn, òmìrán olókùúta tó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ, tó jẹ́ pé tó bá gbé ẹsẹ̀ kan láàárọ̀, ó di ọ̀sán kó tó gbé ìkejì. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni Ìyá Káàdì fi ya èjìká ẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn káàdì, níbi tí wọ́n ń kọ agbára akọni kọ̀ọ̀kan sí, ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ni pé: "Eré sísá: mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ó tín-ín-rín débi pé ó ń ti ihò kọ́kọ́rọ́ wọlé."

"Ọ̀rọ̀ Ọmọ Mànàmáná nìyí," ni Ìyá Káàdì wí, akọni mìíràn tí eré ẹ̀ kò lẹ́gbẹ́ ló ń wí. "Kí ló wá ṣe lẹ́yìn Òkè-ń-rìn?"

Onítẹ̀wé fa páálí kejì jáde, ó gbé e sókè sí fèrèsé, ó wò ó, ó mi orí. Kò pẹ́ tó fi rí i. Káàdì mẹ́sàn-án ló ń wà lórí páálí kan, mẹ́ta-mẹ́ta ní ìlà mẹ́ta. Tí wọ́n bá yí páálí dé ẹ̀yìn, ọ̀tún á di òsì, òsì á di ọ̀tún. Ẹni tó bá ń to ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òdìkejì, kí kálukú lè bá ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ pàdé. Ìyá Káàdì ti tò ó bó ṣe to iwájú. Àwọn akọni tó wà láàárín nìkan ló bọ́ nínú ẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà létí ló ti gba agbára ara wọn.

"Màmá, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i," ni onítẹ̀wé wí. "Ẹ lọ tún un tò lórí kọ̀ǹpútà, ẹ gbé e padà wá lọ́la. Èmi náà ló yẹ kí n ti rí i." Ó wá béèrè ohun tí ì bá má béèrè. "Àbí Baba ò yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó gbé e wá ni?"

Ìyá Káàdì kó káàdì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sínú àpò, ó jáde.

Ọkọ ẹ̀ ló máa ń to ẹ̀yìn. Láti ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti ń ṣe káàdì, ìyàwó kò fọwọ́ kan ibẹ̀ rí. Òun ń yàwòrán, ọkọ ẹ̀ ń kọ ọ̀rọ̀, ọkọ ẹ̀ ń tò ó, ọkọ ẹ̀ ń yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ọkùnrin náà ni kó máa ka ìwé àwọn ọmọ iléèwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kó máa wá àṣìṣe inú ẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe é, ó sì ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Tó bá wọ ilé oúnjẹ, àṣìṣe ara pátákó wọn ni yóò kọ́kọ́ kà kó tó béèrè ohun tí wọ́n sè.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìwé àwọn akọni náà ti kógbá sílé tipẹ́. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ nìkan ló kù, ìwé ọwọ́ wọn sì ti ń fàya. Ìyẹn ni tọkọtaya yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe káàdì, tí wọ́n ń kọ ọ́ sísàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan pé iṣẹ́ olólùfẹ́ ni, kì í ṣe ti àwọn tó ni ìwé. Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, àwọn olólùfẹ́ á pàdé ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé, àgbà tó ti hewú á máa bá ọmọ kékeré ṣe pàṣípààrọ̀, wọ́n á máa jà bí ẹni tó ń pín ogún. Àwọn ló sọ ọ́ ní Ìyá Káàdì. Ọkọ ẹ̀, Baba Ó-kù-díẹ̀ ni wọ́n ń pè é.

Orúkọ náà bá a mu. Àmì ìdánudúró kan yẹ̀ lójú ìlà, "Ó kù díẹ̀." Àwọ̀ aṣọ akọni kan pọ́n ju ti inú ìwé lọ, "Ó kù díẹ̀." "Ó dáa" wọ́n lẹ́nu ẹ̀ ju omi ọ̀gbẹlẹ̀ lọ. Ọ̀wọ́ káàdì mẹ́fà ni wọ́n ti ṣe, ẹ̀ẹ̀mẹfà péré sì ni Ìyá Káàdì gbọ́ ọ, ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan parí. Nítorí ẹyọ kan yẹn, ó lè ya ojú kan lẹ́ẹ̀meje.

Oṣù keje rèé tí àrùn rọpárọsẹ̀ gbé ọkùnrin náà ṣubú ní balùwẹ̀. Ó ti ilé ìwòsàn dé pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún tó rọ̀ jọwọlọ àti gbólóhùn kan ṣoṣo. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé, èyí tó ṣẹ́ kù sí i lẹ́nu ni "Ó dáa." Ṣé ebi ń pa yín? Ó dáa. Ṣé orí ń fọ́ yín? Ó dáa. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin kúnlẹ̀ tì í, ó sunkún títí ojú ẹ̀ fi wú, ọkùnrin náà ní ó dáa. Ayé mọ yẹ̀yẹ́ ṣe.

Ṣùgbọ́n dókítà ti sọ fún ìyàwó pé, "Ọ̀rọ̀ lè lọ kí òye má lọ, Màmá. Ó lè máa gbọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ." Ọ̀rọ̀ yìí ni Ìyá Káàdì dì mú. Òun ló ń jẹ, òun ló ń mu. Ó tìtorí ẹ̀ fa ọ̀wọ́ keje jáde, èyí tí ọkọ ẹ̀ ti kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ sílẹ̀ kó tó ṣubú, ó ya gbogbo àwòrán ẹ̀ níṣojú ẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe ń yà á. Ó dá a lójú pé ọkọ òun wà nínú ilé tí wọ́n tilẹ̀kùn ẹ̀ mọ́ ọn, pé lọ́jọ́ kan á kanlẹ̀kùn.

Bó ṣe ń ti ọ̀dọ̀ onítẹ̀wé lọ sílé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó fẹ́ ju káàdì náà nù kí ojú ọkọ ẹ̀ má bàa rí àṣìṣe náà. Ó ti dé ìdí garawa ìdọ̀tí tó wà lẹ́bàá ọ̀nà kí èrò kan tó sọ sí i lọ́kàn. Baba Ó-kù-díẹ̀ rí Òkè-ń-rìn tó ń ti ihò kọ́kọ́rọ́ wọlé, kó sì gbé jẹ́ẹ́? Kò ṣeé ṣe. Tó bá wà nínú ara yẹn lóòótọ́, àṣìṣe yìí á fà á jáde. Á fi ọwọ́ òsì gbá tábìlì. Á fọ́n ọn dànù. Ẹ̀rù ba Ìyá Káàdì, ṣùgbọ́n ó ń sáré.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Òun ló ń jókòó ti aláìsàn tí ìyàwó bá jáde.

"Ìyàwó mi, o ti dé? Ó jẹun. Mo bi í pé ṣé iyọ̀ ò pọ̀ jù. Ìwọ náà mọ ohun tó sọ."

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ojú ẹ ń dán yanran. Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan. Mo fẹ́ fi káàdì han Baba ni."

Àgbà obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Káàdì. Mo ti sọ ọ́ fún ẹ, o sì bínú sí mi: ẹni tó jókòó síbẹ̀ yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́. Àbúrò mi ni, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ọ́n mọ́. Má fi ara ẹ jóná tán." Ó wọ ilé ìdáná lọ, ó ń fọ abọ́.

Baba Ó-kù-díẹ̀ wà lórí àga tó máa ń jókòó sí létí fèrèsé. Ìyàwó ẹ̀ kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀, ó sì fi Òkè-ń-rìn sí i lọ́wọ́ òsì.

"Baba, ọ̀wọ́ keje ti jáde. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó gbé káàdì náà sí ìmọ́lẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe é gẹ́lẹ́. Ó fi àtàǹpàkò tọ etí ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó yí i sẹ́yìn. Ìyá Káàdì di ẹsẹ̀ àga mú. Ojú ọkùnrin náà ń rìn lórí ìlà, láti òsì sí ọ̀tún, láti òsì sí ọ̀tún, ètè ẹ̀ sì ń jì díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n kọ eré sísá sí, àtàǹpàkò ẹ̀ dúró.

"Baba," ni ìyàwó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kí lẹ rí?"

Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

"Ó dáa."

"Ẹ tún un wò. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ wo iwájú, ẹ wá wo ẹ̀yìn."

"Ó dáa."

"Kò dáa! Baba, kò dáa! Ẹ ní ó kù díẹ̀. Ẹ ní ojú mi ti fọ́. Ẹ bú mi, ẹ ní ta ló ní kí n to ẹ̀yìn!"

Ó fọwọ́ pa á lórí bí ẹni tó ń rẹ ọmọ. "Ó dáa," ló wí. "Ó dáa, ó dáa." Káàdì náà yọ̀ bọ́ sílẹ̀.

Ariwo yìí ló gbé ẹ̀gbọ́n jáde láti ilé ìdáná, tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú káàdì nílẹ̀. Láyé ẹ̀, kò ka ìwé àwọn akọni yẹn rí, eré ọmọdé ló kà á sí. Ó wo iwájú, ó yí i, ó tún yí i padà. Ojú ẹ̀ fà ro.

"Ìyàwó mi," ló béèrè, "ṣé òmìrán yìí náà ni wọ́n ní ó ń ti ihò kọ́kọ́rọ́ wọlé?"

Ìyá Káàdì wo àgbà obìnrin náà tó dúró pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, ó wo ọkọ ẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, ìrètí tó sì ti ń gbé e ró láti oṣù méje já. Kò sunkún. Ẹkún ì bá tiẹ̀ dára. Ìgbà tó yá ni ẹ̀gbọ́n gbé káàdì lé e lẹ́sẹ̀, ó fọwọ́ kàn án léjìká, ó padà sídìí abọ́. Kò sọ pé ṣebí mo ti wí.

Fóònù dún. Àwọn olólùfẹ́ ni. Ẹnì kan kọ ọ́ pé: "Ìyá Káàdì, Sátidé ti kù sí dẹ̀dẹ̀ o! Ṣé Baba ti ní ó dáa?"

Ó wo ọ̀rọ̀ náà títí. Ó kọ ọ́ pé Baba ti ní ó dáa. Òótọ́ ni, kò sì sí irọ́ tó tó o. Ó pa á rẹ́. Ó wá kọ ohun tí kò tíì fẹnu ẹ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni: "Baba ò lè yẹ káàdì wò mọ́. Kò sí ọ̀wọ́ keje. Ẹ má retí wa ní Sátidé." Ó fi ránṣẹ́, ó sì da ojú fóònù délẹ̀.

Baba Ó-kù-díẹ̀ ṣì na ọwọ́ òsì sí i, ó ń dúró de òmíràn. Ìyá Káàdì jókòó sílẹ̀, ó ń fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ ẹ̀ gbé kálukú sí ìmọ́lẹ̀, ó fọwọ́ tọ etí ẹ̀, ó yí i, ó kà á, ó ní ó dáa. Nígbà tí kẹsàn-án tán, ọwọ́ náà ṣì wà ní nínà. Kò sí nǹkan kan tó kù nínú àpò.

Ìyá Káàdì mú Òkè-ń-rìn lórí ẹsẹ̀ ẹ̀, ó tún fi lé e lọ́wọ́. Ọkọ ẹ̀ gbà á bí ẹni tí kò rí i rí, ó sì gbé e sí ìmọ́lẹ̀.