Béárìn Tó Yó Jù

Èmi ni mo ń gbálẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, orin ni mo sì fi ń gbálẹ̀ ọ̀hún ju ìgbálẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń fi gírísì sí ajọ̀ wọn, irin ràgàjì tó ń gbọ̀n rìrì látàárọ̀ dalẹ́, tó ń jọ òkúta wẹ́wẹ́ kúrò lára ńlá. Bàbá Gírísì là ń pè é. Bí mo bá dárin nísàlẹ̀, á gbè é lókè:

Ajọ̀ gbọ̀n, má dẹ́kun,
bí o bá gbọ̀n la ó jẹun.

Àmọ́ orúnkún rẹ̀ ti kọ àtẹ̀gùn irin. Ohun tó ń wá kò ju kí ọ̀gá gba ọkọ ọmọ òun sí àyè òun, kí òun lọ jókòó jẹ́ẹ́ nílé. Ọ̀gá gbà, ó ní kó ṣáà kọ́ ọ níṣẹ́ ná.

Ẹ wò ó, àgbà lè mọ iṣẹ́ kó má mọ̀ ọ́n sọ. Ẹ̀gbọ́n mi á tẹ ìbọn gírísì, á fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilé béárìn, irin roboto tó ń yí kí ajọ̀ lè gbọ̀n, á ní ó ti yó. Lẹ́nu tirẹ̀, yíyó ni kí oúnjẹ dé ìdajì ikùn, torí bẹ́ẹ̀ lòun fúnra rẹ̀ ṣe ń jẹun. Èmi tí a jọ mu ọmú kan náà mọ̀. Àna wa ò mọ̀. Nílé tí wọ́n ti bí i, ẹni tó bá yó, ìgbànú ló ń tú.

Lọ́jọ́ tí orúnkún dá ẹ̀gbọ́n mi dúró sílé, ó ní kí àna wa bọ́ béárìn yó. Ó bọ́ ọ. Ó tẹ ìbọn títí gírísì ò fi wọlé mọ́, ó sì sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Béárìn tó ń gbọ̀n sì rèé, ó ń fẹ́ àyè díẹ̀ tí àwọn irin inú rẹ̀ á ti máa yí. Kò rí àyè. Ó gbóná, ó rú èéfín, ó há. Ajọ̀ dákẹ́, orin gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

Ọ̀gá ní kí àna wa máa lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n mi tiro wá bẹ̀ ẹ́.

“Ọ̀gá, ọmọ yìí ò ṣẹ̀. Ẹnu mi ló jó béárìn yẹn.”

“Mo gbọ́, Bàbá. Àmọ́ ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n bọ́. Ẹ padà sókè.”

Àna wa ò bínú. Nígbà tó wá dọ̀bálẹ̀ kí òun àti ìyàwó rẹ̀ tó kó lọ síbi tó jìnnà, níbi tó ti ríṣẹ́ míì, ó ní, “Bàbá, ọmọ yín ló bà mí jẹ́. Kì í bu oúnjẹ níwọ̀n.” Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ṣì ń gun àtẹ̀gùn náà, ó ń fọwọ́ méjèèjì di irin mú. Bó bá dé àárín, á dúró sinmi, èmi náà á dá ìgbálẹ̀ dúró.

“Ká ní mo ti sọ pé ó tó, kì í ṣe pé ó yó,” ló máa ń wí. “Ká ní mo ti sọ pé ó tó.”